Èsì Màmá Nínú Fáìlì Ẹlòmíràn

Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí a ti ń retí èsì àyẹ̀wò ni Màmá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Orí bẹ́ǹṣì ni a jókòó sí, níwájú fèrèsé yàrá fáìlì, ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì. Èmi gan-an ni ọ̀gá yàrá náà. Mo ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Màmá wo fèrèsé, wọ́n tún wo ojú mi.

"Fúnmiláyọ̀, kí ni uṣẹ́ rẹ níbí gan-an?"

"Màmá, àwa là ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn."

"Ó dáa. Ìwé tèmi ńkọ́?"

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹni tó ti yan gàrí ní Ìjan láti ìgbà èwe rẹ̀ mọ̀ pé iná tó bá le jù, ṣe ló ń jó gàrí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ni wọ́n ti rí kókó kan nínú ọmú òsì. Dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù kan ní ìlú mìíràn, nítorí pé láàbù tiwa kì í ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì yóò gbà. Dókítà kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láìrí i, kò mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, kò mọ irú oògùn tí yóò bá a jà. Kókó náà ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń tóbi.

Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ní kíníìkì, èsì kan náà ni mo ń gbọ́: "Kò tíì dé, mà." Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn títí ó fi di bí ìgbà tí mo ń kí wọn. Ojú ń tì mí láti tẹnu mọ́ ọn, kí wọ́n má baà sọ pé mo fẹ́ fi ipò mi ṣáájú àwọn tó ń dúró. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí fáìlì Màmá, tí n ó sì dá a padà síbi tó wà.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé díẹ̀ nípa iṣẹ́ wa. Ní yàrá fáìlì, nọ́ńbà ni orúkọ ènìyàn. Àwọn tó ń jẹ́ Dọ́káàsì Àjàyí bí ìyá mi lè tó márùn-ún nínú ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ni nọ́ńbà kan. Bí èsì bá dé, a ó lù ú ní òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ nínú, a ó wo nọ́ńbà, a ó fi í sínú fáìlì. Àwọn èsì mìíràn máa ń dé láìní nọ́ńbà. Òfin ni pé kí a dá wọn padà, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń pẹ́. Èmi ni mo wá kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi pé kí wọ́n máa fi orúkọ wá fáìlì ẹni tó ni ín. Àwọn ọ̀gá yìn mí fún un, wọ́n ní mo ti jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Nígbà tí Màmá bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo dìde. Mo pe láàbù náà lórí fóònù. N kò béèrè bóyá èsì ti jáde. Mo béèrè ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti ẹni tó gbà á. Obìnrin tó gbé fóònù yẹ ìwé wò.

"Ó ti kúrò níbí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà. Ẹnì kan ní yàrá fáìlì yín ló fọwọ́ sí i. Délé ló kọ síbí."

Délé ni igbákejì mi, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò mọ orúkọ ìyá mi. Màmá Ìjan ni gbogbo wọn ń pè wọ́n.

"Mo rántí rẹ̀, mà," ó ní. "Kò ní nọ́ńbà. Mo wá orúkọ, mo sì rí i."

"Dọ́káàsì Àjàyí mélòó lo rí?"

"Ọ̀kan ni mo rí. N kò wá òmíràn."

A jọ wá fáìlì náà. Ti ìyá kan tó ń ránṣọ ní Òkè-Ìlá ni, tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Èsì Màmá wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ wa wà lórí rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìyá aránṣọ náà padà wá rí dókítà: Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ fún un pé ó ní àrùn tí kò ní. Mo yọ èsì náà kúrò nínú fáìlì rẹ̀.

Délé ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí."

"Dìde," mo ní. "Ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe."

Mo mú èsì náà tọ dókítà àgbà lọ. Ó kà á, ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí.

"Gbogbo àyè ti kún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i ni n ó tó lè gbà wọ́n, mà. Ẹni tí èsì rẹ̀ dé lónìí, ẹ̀yìn ló máa tò sí."

Ní ìgbà mìíràn, n ó ti dúpẹ́, n ó sì jáde. Ọjọ́ yẹn, n kò jáde.

"Dókítà, n kò ní kí ẹ fi ìyá mi ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èsì yìí kò dé lónìí. Ẹ wo òǹtẹ̀. Ó ti wà nínú ọgbà yìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi wọ́n sí ibi tó yẹ kí wọ́n wà láti ọjọ́ yẹn."

Ó wo òǹtẹ̀ náà. "Ta ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá yín ló há sí?"

"Èmi ni, sà."

Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Mo kọ pé yàrá mi ló ṣì í gbé, pé ọgbọ́n tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ ló fà á, pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo fọwọ́ sí i. Dókítà bá kọ orúkọ Màmá sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn aláṣẹ fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀. Mo kà á fún Màmá nílé. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n fi nọ́ńbà sí eléyìí?" Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gba oògùn. Irun wọn re, èébì kò jẹ́ kí oúnjẹ dúró, àwọn ọjọ́ kan wà tí wọn kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, mo pa ọgbọ́n mi rẹ́ ní yàrá fáìlì. Láti ìgbà náà, èsì tí kò bá ní nọ́ńbà kì í wọ inú fáìlì kankan. Ọjọ́ tó dé náà la ó pe ibi tó ti wá. Iṣẹ́ wá falẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ráhùn. Mo jẹ́ kí wọ́n ráhùn. Délé ló wà lórí àga mi báyìí, kò sì yí ìlànà náà padà.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń tẹ̀ lé Màmá lọ fún àyẹ̀wò. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan jókòó tì wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tó ti rù hangogo. Ó ní ìgbà kẹrin nìyẹn tí wọ́n ní kí àwọn padà lọ sílé, pé èsì kò tíì dé.

Mo ní, "Má béèrè bóyá ó ti dé. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi àyẹ̀wò náà ránṣẹ́, nọ́ńbà tó bá a lọ, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Kí o sì dúró síbẹ̀ títí wọn ó fi ṣí ìwé."

"Wọn kò ní bínú, mà?"

Màmá ló dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. "Wọ́n á bínú díẹ̀, ọmọ mi. Lọ."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ dúró níwájú fèrèsé.