Òjò Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Atúnagogoṣe Pín Dọ́gba

Ọdún mẹ́fà gbáko ni atúnagogoṣe àdúgbò wa fi ń wọn òjò fún yunifásítì. Àwọn olùwádìí fún un ní ike tí wọ́n fàlà sí lára. Ó rì í mọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó sì ń kọ iye omi inú rẹ̀ sílẹ̀ láago méje àárọ̀, kódà bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú là ń pè é, nítorí kò gbà kí agogo kankan fi ìṣẹ́jú kan ṣìṣe.

Ní àárọ̀ Sátidé tí olùwádìí fẹ́ wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa ní gbọ̀ngàn, Ìṣẹ́jú kò lè jẹun.

“Bàbá wọn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń rọ òjò ọ̀hún ni, tẹ́ ẹ fi ń làágùn báyìí?”

“Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀.”

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn rèé. Lọ́dún kẹrin, ìyàwó yìí dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ kò sì wọn òjò fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó padà, mílímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló bá nínú ike. Ojú tì í láti fi àlàfo sílẹ̀, ló bá pín in: mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ní gbọ̀ngàn, olùwádìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, na ọwọ́ sí àwòrán òjò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tàn sára ògiri. “Àádọ́ta mílímítà ni òjò tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan. Òun la ó fi sọ fún ìjọba bí gọ́tà tuntun yóò ṣe fẹ̀ tó. Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa!”

Àtẹ́wọ́ ń dún. Ìṣẹ́jú rò ó: bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún yẹn rọ̀ ńkọ́? Bí gọ́tà bá kéré, ilé ta ni omi yóò wọ̀? Ilé alábúrẹ́dì. Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Ilé tirẹ̀ náà.

Ó dìde. “Ọmọ mi, dúró ná. Irọ́ wà nínú ìwé mi.” Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá ọ̀kan sí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo àwòrán rẹ̀ títí. “Bàbá, ọjọ́ wo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lòjò yẹn rọ̀ gan-an?”

“Mi ò sí nílé.”

“Èmi wà nílé!” Alábúrẹ́dì ló pariwo. “Ọjọ́rú ni, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo! Omi wọ ààrò mi, igba búrẹ́dì ló ń léfòó bíi pẹ́pẹ́yẹ.”

“Òótọ́ ni,” ni káfíńtà wí. “Èmi ni mo tún ilẹ̀kùn wọn ṣe lọ́jọ́ kejì.”

“Ìwọ wo?” ni alábúrẹ́dì dá a lóhùn. “O ò tíì tún un ṣe tán dòní!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú kò rẹ́rìn-ín. Olùwádìí pa iná àwòrán, ó gbé àga rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle wá jókòó ti alábúrẹ́dì.

“Màmá, ibo lára ààrò yín lomi náà ga dé? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa kọ ọ́.”

Ìṣẹ́jú ṣí ìwé rẹ̀. Ó fa ìlà pa mẹ́rìnlélógún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọdún mẹ́fà, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó pa rẹ́ níbẹ̀.