Iṣu Nehemiah

Bí ẹ bá wọ ilé kan ní Ìwó tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń rí ojú ara yín nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó lẹ táìsì ibẹ̀. Nehemiah ni. Ọmọ Tógò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílùú débi pé ẹnikẹ́ni ò pè é ní àlejò mọ́, àfi tí ìjà bá dé. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kuta, ló kọ́ ọ ní Yorùbá, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Nehemiah mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwó lọ, ìyẹn sì wà lára ohun tó kó bá a.

Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, Mùrí tó máa ń bá a po sìmẹ́ńtì ní ẹbí òun nílẹ̀ lọ́nà Olúpọ̀nnà. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí ẹbí. Bàbá ṣàdúà, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilẹ̀ náà tù ú lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nehemiah sanwó tán, tí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ kalẹ̀, Mùrí nìkan ló fọwọ́ sí i. Nehemiah ní ṣé Bàbá náà ò ní tẹ̀ka ni, làwọn tó jókòó bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹnu Bàbá ò tó ìwé ni? Ojú tì í. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sápò.

Ọdún tí wọ́n kó wọ ilé tuntun ni Nehemiah gbin iṣu sẹ́yìnkùlé, iṣu náà sì ta gan-an. Ó ṣa àwọn tó tóbi jù, ó rù wọ́n lọ fún Mọ́gàjí. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ní ìlú tiwọn, ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, o ò ní jẹ iṣu tuntun kí o má rántí rẹ̀. Halimah, ọmọ Mọ́gàjí, ló sọ ẹrù náà lórí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké wọlé pé, "Bàbá, iṣu Nehemiah ti dé o."

Láti ìgbà náà, iṣu ò yẹ̀ lọ́dún kankan.

"Bàbá Ayọ̀nitèmi, ṣebí ẹ ti ra ilẹ̀ yẹn?" Bọ́sẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan. "Kí lẹ tún ń gbé iṣu lọ fún wọn ṣe?"

"Ìwà lẹwà," ni Nehemiah wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ àgbẹ̀ ni Bọ́sẹ̀. Ó mọ irú ẹni tó máa ń gbé iṣu lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ni yóò bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí pé ó moore? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bàbá kú. Abdulsobur, àbúrò rẹ̀ tó ti ń gbé Ìbàdàn tipẹ́, ló jẹ Mọ́gàjí. Kò pẹ́ táwọn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ilẹ̀ lọ́nà Olúpọ̀nnà. Wọ́n á dúró sẹ́bàá ògiri Nehemiah, wọ́n á máa nàka, wọn ò sì ní kí i. Òun ń kí wọn ní tirẹ̀.

Iṣu tuntun jáde, ó tún rù ú lọ. Ó bá Abdulsobur àtàwọn àgbà ẹbí ní ìjókòó, ó dọ̀bálẹ̀.

"O ṣeun, Nehemiah," ni Abdulsobur wí. "Kí lo ń fún wa níṣu sí?"

"Nítorí ilẹ̀ ni, sà. Mo fi ń dúpẹ́ ilẹ̀."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún ni, sà. Mi ò yẹ̀ ẹ́ rí." Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, ọkùnrin yìí.

Abdulsobur yíjú sáwọn àgbà. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀," ó ní.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé ilẹ̀ ẹbí nibẹ̀, kì í ṣe títà. Nehemiah sáré gbé ìwé rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò kan.

"Mùrí ò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí ńbẹ̀," ni agbẹjọ́rò wí. "Ẹ̀yin náà ò sì kí ń ṣe ọmọ Nàìjíríà, ó yẹ kẹ́ ẹ ti gbàṣẹ ìjọba. Síbẹ̀, mo lè sọ pé Bàbá mọ̀ sí i, ó sì ṣàdúà. Ṣùgbọ́n iṣu yìí ńkọ́?" Ó mi orí. "Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n máa pè é. Ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ lò ló ń san án fún onílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi orí ru ẹ̀rí lọ bá wọn."

Ní kọ́ọ̀tù, Halimah ni wọ́n pè. Nehemiah ló lẹ táìsì yàrá tí bàbá Halimah kú sí, kò sì jẹ́ kí wọ́n sanwó. Obìnrin náà ti fi Kùránì búra. Wọ́n bi í bóyá iṣu ń dé lọ́dọọdún.

"Ó ń dé," ó ní, ló bá bú sẹ́kún.

Ẹbí jàre, ṣùgbọ́n wọn ò lé Nehemiah. Abdulsobur gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ó ní kó máa gbé inú ilé náà níwọ̀n ìgbà tí iṣu bá ti ń dé, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ rẹ̀ má fojú ogún wò ó. Àwọn tó ń wo ilẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ti ri igi ààlà dé iwájú ilẹ̀kùn.

Iṣu tuntun ti tún jáde. Nehemiah ń ṣa á lẹ́yìnkùlé, kò wá èyí tó tóbi mọ́, èyí tọ́wọ́ bá sáà ti bà ló ń mú. Bọ́sẹ̀ dúró tì í.

"Ṣé ẹ máa lọ ni?"

"Níbo ni ká kó àwọn ọmọ sí?"

Ó rù ú. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Mọ́gàjí, Halimah jáde, kò wo ojú rẹ̀. Ó sọ ẹrù náà lórí rẹ̀, ó sì fi ohùn kékeré sọ ọ́ wọlé pé, "Àlàájì, iṣu Nehemiah ti dé."

Abdulsobur ò jáde. Ó ní kí wọ́n kà á wò bóyá ó pé.