Ogún Ojú Ìwé Tí Bàbá Èṣùbíyì Fẹnu Kọ

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni Ọ̀mọ̀wé Adéwùnmí san fún ìwé kan ní ìsọ̀ Bàbá Èṣùbíyì, tó ń ta ìwé àlòkù ní òpópónà Uwasota, ní Benin. Ọjọ́ kẹta ló gbé e padà.

"Bàbá, ẹ dá owó mi padà. Ogún ojú ìwé ló ya kúrò lẹ́yìn. Ìwé yìí ò lópin."

"Jókòó, Ọ̀mọ̀wé." Bàbá ṣí fìlà, ó sì fi wákàtí kan gbáko sọ òpin ìtàn náà. Ó ń fò sókè, ó ń fẹnu hó bí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó parí, ó nàwọ́. "Ẹgbẹ̀rún kan sí i. Owó ìwé lo san, o ò tíì san owó ẹnu."

Ọ̀mọ̀wé san án, ó tún dúpẹ́.

Ìyá Oníràwọ̀ ni Bàbá ń pe obìnrin tó kọ ìwé náà. Nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, gègé obìnrin yìí ti gbé ọkọ̀ dé àárín ìràwọ̀. Ohun yòówù kí ẹ wá rà, ìwé rẹ̀ ni Bàbá máa kì bọ̀ yín lọ́wọ́. Ayọ̀túndé, ará ìjọ Bàbá, béèrè ìwé lórí sísin ẹja àrọ̀.

"Ẹja tó ń fò lófuurufú wà nínú ìwé kejì Ìyá Oníràwọ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Igba ẹja ló kú mọ́ Ayọ̀túndé lọ́wọ́. Ó padà wá ra ìkẹta.

Ìwé rẹ̀ karùn-ún ni ti Ọ̀mọ̀wé: ìtàn atukọ̀ obìnrin kan tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láyé, tó forí lé ọ̀run. Ṣé ó padà délé? Bàbá gan-an ò mọ̀. Páálí ìkarùn-ún kan ló rà ní ọ̀pọ̀, òjò sì ti jẹ ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀dà inú rẹ̀ títí ó fi ya. Ló bá ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní òpin tó bá a mu. Ó fún sójà ní ogun. Ó fún àwọn omidan ní ìgbéyàwó nínú òṣùpá. Ayọ̀túndé, tóun náà ti ra ìkarùn-ún, gba adágún ẹja.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ lọ́sibítù, àwàdà tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ó délé ṣá?" Ìyá tirẹ̀ kú ní Ìkàrẹ́ kí òun tó dé láti Benin.

Ọ̀mọ̀wé wá ìwé náà títí, ó rí odindi kan lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà kan ní GRA. Ó gbé e wá. Olúwadámisí, ọmọ Bàbá, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í fèsì, ṣí ẹ̀yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà.

"Papa, make I read am?"

"Ní Yorùbá."

"Ah, Papa! You sabi say I no fit!"

"Dámisí, ní Yorùbá."

Òógùn bò ó. "Atukọ̀ náà... ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ṣí i. Ojú ìyá ò... ò ríran mọ́. Ó ní, 'Ṣé ìwọ nìyẹn? Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò.'"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó délé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó kọjú sí Ọ̀mọ̀wé. "Ṣùgbọ́n sọ òótọ́, ṣé tèmi kọ́ ló dùn jù?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Sátidé ló papòdà, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀mọ̀wé ṣe ẹ̀dà ogún ojú ìwé náà, ó ń pín in fún gbogbo ẹni tó ra ìkarùn-ún. Ó na ti Ayọ̀túndé sí i.

Ayọ̀túndé rọra tì í padà. "Ẹ ṣeun, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí tèmi wà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá dé ibi tó ti ya, ohùn Bàbá ni mo ń gbọ́."