Ìkúnlẹ̀ Mi Níwájú Ìyá Délé

Ọjọ́ tí Délé kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì tí eruku títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù ti sọ di àwọ̀ amọ̀. Kóòtù dúdú ló wọ̀, kò sì bìkítà.

Mo ní, “Dìde, jàre. Agbẹjọ́rò kì í fi àyà nu ilẹ̀.”

Ó ní, “Mọ̀mí, bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀ fún yín, ta ni kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí, mo sì gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Délé ti sọ ìtàn èmi àti òun káàkiri Alímọ̀ṣọ́ láti ìgbà náà, bó ṣe wù ú ló sì ń sọ ọ́. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, àyè sì wà fún mi láti sọ tèmi.

Òkè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ni ọ́fíìsì mi wà. Àwọn onílé tó ń bá ayálégbé jà, tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá agbára pásítọ̀ àti lèmọ́mù, ẹbí tó ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, àwọn ni oníbàárà mi. Èkìtì ni mo ti wá. Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì rán mi níléèwé débi tí àwọn ará àdúgbò fi ń bi í pé ṣé ọmọ yìí ò ní lọ sílé ọkọ ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pátákó mi kọ́, àwọn ènìyàn á gòkè wá, wọ́n á bá mi lórí àga, wọ́n á ní, “Ẹ káàsán, mà. Ṣé lọ́yà wà nílé?” Màá ní, “Òun lẹ ń wò yìí.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì tún máa retí ọ̀gá mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Lọ́yà.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Délé. Ó mọ̀wé, kì í sì í ṣọ̀lẹ. Iṣẹ́ gan-an ni kò mọ̀. Ní kọ́ọ̀tù, bí ẹlẹ́rìí bá ti sọ tirẹ̀ tán, agbẹjọ́rò tòdìkejì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde kó da ìbéèrè bò ó, kó fi tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ agbẹjọ́rò yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wọ gáùn. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹ́ kó dá ṣe, ọ̀rọ̀ ògiri tó wó ni. Délé dìde sí obìnrin tí ògiri rẹ̀ wó, ó ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ní oníbàárà mi ló wó o?”

Obìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. “Kí ló dé? Ṣebí ojú mi ló ṣe é! Ó wó o tán, ó tún ní kí n lọ gbé e kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ tún jáde sí mi. Ṣé kí n sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ?”

Adájọ́ ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀rín ni wọ́n fi tú ká lọ́jọ́ náà, a sì pàdánù ẹjọ́.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, mo ní, “Délé, má bèèrè ìbéèrè tí o kò mọ ìdáhùn rẹ̀ mọ́ láé. Má sì bi ẹlẹ́rìí alátakò pé kí ló dé. Ìbéèrè tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ ni kó o bi í. Bó bá ti dáhùn, ti ilẹ̀kùn, kó o jókòó.”

“Bó bá fẹ́ ṣàlàyé ńkọ́, mà?”

“Ìdí nìyẹn tí o fi ń ti ilẹ̀kùn.”

Ó kọ́ ọ. Kò sí ohun tí mo fi kọ́ ọ tó mọ̀ ju èyí lọ.

Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló di olóṣèlú. Èmi ti kà nílé ẹ̀kọ́ gíga nípa ìgbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè. Agbẹjọ́rò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣòfin fún wọn. Wọ́n á rojọ́ ní kọ́ọ̀tù ìlú kékeré, wọ́n á tún gun ẹṣin lọ sílé ìgbìmọ̀. Mo ní bó bá ṣeé ṣe lórí ẹṣin, yóò ṣeé ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo tún rántí pé láwọn apá ibì kan níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò. Olùdíje á jókòó níwájú, olùdìbò á dárúkọ ẹni tó fẹ́ sí gbangba, olùdíje á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Olùkọ́ wa ní ká kọ àléébù irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ débi pé ó kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì.

Alhaji Mùfútáù ló wá tì mí síta. Òun ni alága àwọn onílé àdúgbò wa. Mo ti bá wọn gba ẹjọ́ ọ̀nà tí ẹbí kan mọ ògiri dí, ọ̀nà táwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé. Ó wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní, “Ìyá Lọ́yà, ẹ jáde fún alága káńsù. Gbogbo wa ń bẹ lẹ́yìn yín. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí n má rí ọ̀nà Mẹ́kà padà.”

Mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí obìnrin tó mọ òfin jókòó sórí àga náà, kó ṣe ọ̀nà, kó ṣe gọ́tà, kó sì fi ilé ìgbẹ̀bí sí ìhà Ìgàndò, níbi tí àwọn aláboyún ti ń fi ọ̀kadà lọ rọbí. Délé ló bá mi lẹ pósítà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó fi wọlé wá lọ́jọ́ kan, tí kò sì jókòó.

“Mọ̀mí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní kí èmi náà jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ̀ fún wọn.”

“Jáde fún kí ni?”

“Fún alága, mà.”

“Èmi ńkọ́?”

“Háà! Ẹ̀yin ni ìyá wa.”

Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òṣèlú, ó ti mọ̀ pé wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Mi ò jókòó. A kó ọ̀rọ̀ náà dé ìdìbò abẹ́lé, níbi tí ẹgbẹ́ ti máa yan ẹni tó máa dúró fún un. Ìlà ni wọ́n ní ká tò: olùdíje kọ̀ọ̀kan á ní ibi tirẹ̀ lórí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á lọ tò sẹ́yìn ibẹ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò á sì ka orí.

Géètì kan ṣoṣo ni pápá náà ní. Délé tètè dé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ géètì. Kò dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé àga onítìmùtìmù kan kalẹ̀, ó sì gbé ìyá rẹ̀ jókòó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ìyá náà jẹ́. Ará Oǹdó ni, arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, lọ́dọ̀ Délé ní Ìyànà Ìpájà ló ń gbé. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló wá jókòó tì mí, tó ń fi ẹ̀kọ gbígbóná bẹ̀ mí bí ìkókó. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa. Ta ló máa gba ẹ̀gbẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wọlé láìkí i? Ọkùnrin tó bá wọ géètì á dọ̀bálẹ̀. Màmá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, “Ọmọ mi, o ò ní kú ikú ẹ̀sín.” Á ní, “Àmín, mà.” Bó bá ti dìde, màmá á ní, “Níbo lo tún ń lọ? Dúró tì mí díẹ̀.” Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín, ṣé ó máa kẹ́yìn sí i kó lọ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn? Ẹ̀yìn àga náà ni wọ́n ń tò sí.

Èmi náà gba géètì yẹn wọlé. Mo rí màmá nínú oòrùn. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lẹ ń ṣe nínú oòrùn yìí?”

“Délé ló ní kí n jókòó síbí, ọmọ mi. Ó ní àwọn ènìyàn òun fẹ́ kí mi. Ọlọ́run á gbé ọ lékè.”

“Àmín, mà.”

Oòrùn náà ń pa á lójú. Mo ṣí agboòrùn mi, mo fi lé ọmọbìnrin tó dúró tì í lọ́wọ́ pé kó máa dì í mú lé màmá lórí. Ìgbà tí mo dìde ni mo gbọ́ ariwo. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: “Ẹ bá wa yin Ìyá Lọ́yà o! Wọ́n ti kúnlẹ̀ fún Délé! Wọ́n ti gbé e sílẹ̀ fún ọmọ wọn!”

Mo ń pariwo pé irọ́ ni, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa. Mo sáré lọ síbi tèmi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń ṣí lọ. Alhaji Mùfútáù wà lára àwọn tó ṣí. Mo dì í lápá mú.

“Alhaji, níbo lẹ ń lọ?”

“Ìyá Lọ́yà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ta ni èmi tí mo máa dúró?”

“Ìyá arúgbó ni mo kí!”

“Àwa náà kí wọn ṣá. Ẹ wò ó, wọ́n ti gbàdúrà fún mi, mo ti ṣe àmín.”

Wọ́n ka orí. Ìwọ̀nba àwọn tó gba ojú fẹ́ńsì tó wó wọlé ló dúró lẹ́yìn mi.

Mo pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ni alága wọn. Mo rojọ́ fún wọn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga: mo ní ìkíni kì í ṣe ìjuwọ́sílẹ̀, mo ní kò sí òfin ẹgbẹ́ tó ní orúnkún lè fa orúkọ olùdíje yọ. Wọ́n ń mi orí. Mo rò pé mo ti rí wọn mú. Délé dìde, ó ṣẹ́ apá kóòtù rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

“Mọ̀mí, lọ́jọ́ ìdìbò, ṣé ẹ kúnlẹ̀ níwájú ìlà mi àbí ẹ ò kúnlẹ̀?”

“Ìyá rẹ ni mo kí.”

“Bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà.”

Alága ní, “Ẹ dá a lóhùn, ìyáàfin.”

“Bẹ́ẹ̀ni, ṣùgbọ́n...”

“Ṣé agboòrùn yín ló wà lórí màmá mi?”

“Bẹ́ẹ̀ni.”

“Mi ò ní ìbéèrè mìíràn.”

Ó jókòó. Alága wò mí, ó ní, “Ìyáàfin, ẹni tó ní ìlà tirẹ̀, kí ló wá ṣe níwájú ìlà ẹlòmíràn?” Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ mi nìyẹn.

Délé di alága káńsù. Ó da ọ̀dà sí títì ilé rẹ̀, ọ̀dà náà dé ẹnu géètì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ní ti iwájú ọ́fíìsì mi, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù títí mo fi ti ọ́fíìsì náà pa. Ilé ìgbẹ̀bí kò dé ìhà Ìgàndò ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, á ní, “Ìyá mi lẹ́nu iṣẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti gbé ipò náà lé mi lọ́wọ́.” Àwọn ènìyàn á ní, “Ẹ ò rí obìnrin rere!”

Ìyá rẹ̀ ti kú. Mi ò bi í rí bóyá ó mọ ohun tí wọ́n fi òun ṣe lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, àwọn agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ wa pé jọ láti yẹ́ mi sí. Délé wá. Ó ti di olóyè, wọ́n ní ó tún fẹ́ díje lọ sílé aṣòfin ní Àbújá, àwọn oníkámẹ́rà sì tẹ̀ lé e wọlé. Ó rìn tààrà síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun. Iná kámẹ́rà ń bù yẹ̀rì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi pé kí n súre fún un.

Mo ní, “Délé, má tíì dìde. Ṣé o dọ̀bálẹ̀ níwájú mi àbí o ò dọ̀bálẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín nílẹ̀. “Mọ̀mí, ẹ̀yin ni ọ̀gá mi...”

“Bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu.

“Bẹ́ẹ̀ni, mà. Ṣùgbọ́n...”

“Ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbé Àbújá sílẹ̀ fún mi. Mi ò ní ìbéèrè mìíràn.”

Ẹ̀rín bẹ́. Délé dìde, ó ń gbọn eruku kúrò láyà agbádá, ojú rẹ̀ kò sì bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò súre fún un. Mo jókòó.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní “ṣùgbọ́n” kan tí ìgbìmọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí. Òun ni pé, bẹ́ẹ̀ni, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó fún mi ní ẹ̀kọ mu nígbà tí ọkọ mi kú ni mo kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe fún ọmọ rẹ̀. Bí màmá náà bá jókòó sínú oòrùn lónìí, bí gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tilẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìdìbò sì ń ka orí wọn, màá tún kúnlẹ̀.