Sípíríǹgì Tí Mo Fi Ọ̀dà Kùn

Nígbà tí oníbàárà mi fi fóònù sọ fún mi pé bàbá òun ti gbé ọkọ̀ òun lọ sí oko ní Atosin láti kó kòkó, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ yẹn ń di títì mú bí alángbá! Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń béèrè pé ta ló ṣe é."

Mo ní, "Kò burú, ọ̀gá mi. A dúpẹ́." Mo sì pa fóònù.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mi ò tíì lè dárí ji ara mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ: ẹ má jẹ́ kí Bàbá di ẹrù sí i. Mi ò sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì, ni iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, kò jìnnà síbi tí àwọn àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin yìí, ẹgbẹ́ mi ni, gbé ọkọ̀ kékeré kan wá láti Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú bí ẹkùn. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà wálẹ̀, kó le, kó má máa fì bó bá ń fi eré yí kọ́nà. Ó kó ṣọ́ọ̀kì tuntun àti bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà líle wá fúnra rẹ̀. Sípíríǹgì kúkúrú nìkan ló kù, èmi ni mo sì fọ́nnu pé màá rí i. Mo wá a títí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀ tòkunbọ̀, mi ò rí i. Sátidé ti dé tán, àwọn tí wọ́n jọ ń fi ọkọ̀ sáré ń bọ̀ wá wò ó. Ni mo bá fi ẹ̀rọ gé òrùka kan àbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo rẹ̀, mo ní tuntun ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kì í fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọmọ Ìdànrè kankan láì kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló ń ṣe kòkó nílé yín?" A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí kòkó bá ti gbẹ báyìí, kò sí ọkọ̀ fáàrí mọ́ nílùú yìí. Ti lọ́yà ni o, ti tíṣà ni o, àpò ni yóò wọ búùtù rẹ̀. Èmi ò béèrè. Mo rò pé ìbéèrè ayé àtijọ́ ni, pé kí ló kan ọkọ̀ eré kan kòkó.

Mo jókòó, mo dìde. Mo tú nọ́ọ̀tì kan, mo tún dè é padà síbi tí mo ti tú u. Mo bu omi, mi ò mu ún. Nígbà tó yá mo dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Atosin. Ẹ bá mi sáré."

"Ṣé ìyàwó yín ló sá lọ ni?"

"Ẹ ṣáà máa lọ."

"Ẹ rọra tì mí lẹ́yìn o, èmi kọ́ ni mo gbé e!"

Ọkọ̀ tó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, màá na ọrùn. Òjò ti pa títì, àpáta ń dán lọ́tùn-ún lósì. Mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo ní kí ọlọ́kadà sáré, tí mo tún ní kó rọra.

A bá ọkọ̀ náà lẹ́yìn kọ́nà kan, imú rẹ̀ wà nínú koríko. Bàbá dúró tì í, àgbà ìjọ aláàdúrà tó mọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fi fìlà nu ojú. Táyà ẹ̀yìn ti bẹ́. Etí rẹ̀ ti fá bí ẹni fi ọ̀bẹ fá a, torí pé ẹrù ti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, irin òkè táyà sì ń ha á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Àpò kòkó mẹ́rin wà ní búùtù, méjì wà lórí ìjókòó.

"Ìwọ nìyẹn," Bàbá wí. "Ọlọ́run ló rán ọ. Mo gbàdúrà kí n tó ṣíná, òun ni ò jẹ́ kí n bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lọ. Táyà tòkunbọ̀ lásánlàsàn! Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn. Bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

Bàbá ti bá mi wá àwáwí, kí n ṣáà gbà á ló kù. Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Bó ṣe ń gbéra nílẹ̀ ni sípíríǹgì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní ibùjókòó rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Bàbá, kì í ṣe táyà."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀dà.

"Ṣé ọmọ mi mọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ pé kòkó ni mo lọ kó?"

Mi ò retí ìyẹn. "Mo mọ̀, sà. Ó sọ fún mi láàárọ̀ yìí, mi ò sì sọ nǹkan kan."

Ó ní kí n sọ àpò kalẹ̀. Mo sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọlọ́kadà ò sì dápàárá mọ́. Bàbá na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn ni kó o sọ ọ́ fún ọmọ mi."

Mo sọ ọ́. Mo retí èébú, kò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá mi dà?" Mo fún Bàbá ní fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Mo wà o, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí sípíríǹgì gígùn tó bá ọkọ̀ náà mu. Bàbá gbé àga wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi láti orí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Nígbà tí mo parí, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Kí ló tún kù níbẹ̀ tó o fi ọ̀dà kùn?"

Mo ní, "Kò sí mọ́, Bàbá."

Síbẹ̀, kó tó ṣíná, mo tún wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, mo lọ wò ó.