Ìpín Engracia

Kò sí ìgbà tí Silbino da àwọ̀n sétí òkun abúlé Umatac tí kò kọ́kọ́ yọ ẹja ti àbúrò rẹ̀ Engracia sọ́tọ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń pọ́n ọn. Ìyàwó rẹ̀ olóògbé a máa bú u pé, “Ṣé Engracia lẹ fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?” Síbẹ̀ kò jáwọ́.

Àìsàn tó pa bàbá wọn náà ló padà dé bá Silbino, èyí tí gbogbo abúlé ń pè ní bodig. Ara rẹ̀ le gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé etí lèèyàn ń fi ti ẹnu rẹ̀. Engracia mú un wá sílé ara rẹ̀.

Dókítà fún wọn ní oògùn tuntun.

“Tan Engracia,” ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, “èròjà kan wà nínú ara ẹ̀gbọ́n yín tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn. Oògùn yìí ló máa dí i lọ́wọ́. Èyí tó ti kú ò ní jí o. Èyí tó kù la fẹ́ dá sí. Wọn ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, ẹlòmíì ò sì gbọdọ̀ bá wọn lò ó.”

Láràárọ̀ ni Engracia ń fi í sí i lẹ́nu, tí á tún fún un lómi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

“Ó jọ ti ẹni tí ò lo nǹkan kan rárá.”

“Ṣé òpùrọ́ lẹ̀ ń pè mí ni? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn!”

Ó gbé ọwọ́ náà sókè. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Kíá ló kì í bọ àpò aṣọ rẹ̀. Dókítà ti ń kọ̀wé, kò rí i.

Nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kan lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dì í wúruwùru. Oògùn ló kún inú rẹ̀. Itọ́ ti yọ́ wọn lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ti hu. Inú bí i débi pé ó fẹ́ gbá a létí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lè dá jókòó.

“Kí lẹ̀ ń fi èyí ṣe? Ẹ fẹ́ kú ni?”

Ó tẹ́ etí sí i lẹ́nu.

“Tìẹ ni,” ni Silbino wí.

“Tèmi bí i ti báwo?”

“Mo rí ọwọ́ ẹ. Lọ́jọ́ àjọ̀dún.”

Lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ San Dionisio, Engracia ti da abọ́ ìrẹsì pupa sílẹ̀, ó ní abọ́ ló gbóná. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kò wo ojú Silbino lọ́jọ́ náà.

Ẹkún gbé e. Ó ṣí ìgò oògùn tuntun, ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e mì lójú mi.”

Silbino pa eyín dé. Ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń gbọ̀n níwájú ẹnu òun, lẹ́yìn náà ó la ètè díẹ̀.

“Ìwọ kọ́kọ́ mú tìẹ,” ló wí, ó sì tún pa ẹnu dé.