Ọjọ́ Tí Àkúbà Kò Kọjá Bodè

Lánàá, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ń fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dánra wò lẹ́yìn fèrèsé mi. Ìró yẹn, ṣàà, ṣàà, gbé mi padà sí agboolé wa ní Ọjà-Ọ̀dàn, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti máa ń bó ẹ̀gúsí.

Ọmọ Pọbẹ̀ ni Màmá Àgbà, ní òdìkejì bodè. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Bàbá Ràájí, ló ń lu àkúbà nínú ẹgbẹ́ onílù tí gbogbo wa fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá ti fi kásẹ́ẹ̀tì wọn sí i, àwa ọmọdé á kó abọ́ ìdáná síta, a ó máa lù ú títí àwọn ìyá wa yóò fi lé wa. Tí iṣu tuntun bá jáde, wọ́n á wá ṣeré lọ́jà wa, Bàbá Ràájí á sì kó búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé wá fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun ti bodè pa. Iṣu jáde, a kò rí wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Láti àárọ̀ ni Màmá Àgbà ti wọṣọ, ó sì ti se ọbẹ̀ adìẹ de àbúrò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, àwọn mẹ́ta péré, ẹrẹ̀ dé wọn lórúnkún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo nìkan ni wọ́n mú dání. Wọ́n kọ orin tí a mọ̀, àmọ́ kò wọni lára rárá. Àwọn èèyàn ń tú ká. Ẹnì kan pariwo pé, “Kásẹ́ẹ̀tì sàn ju èyí lọ!”

Màmá Àgbà lọ bá alágogo. “Àbúrò mi ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ṣọ́jà dá Bàbá Ràájí àtàwọn yòókù padà ní bodè. Inú igbó làwa gbà, àkúbà ò sì ṣeé gbé pamọ́.”

“Ṣé ara rẹ̀ le?”

“Ara wọn le. Wọ́n ní ká kí yín.”

Màmá Àgbà tún ìró rẹ̀ ró, ó bọ́ sí àárín ọjà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. “Ó dáa. Ẹ máa lù ú lọ.” Ó jó. Níbi tó yẹ kí àkúbà ti dún, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀, gì, gì. Àwọn tó ti ń lọ sílé dúró. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́.

Wọ́n ṣí bodè lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Bàbá Ràájí wá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó ti ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé báyìí. Ẹgbẹ́ náà ti tú. Àwọn ọmọ mi ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀hún rí. Ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ Pọbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ náà ni àbíkẹ́yìn mi lọ́kọ sí, bí wọ́n bá sì tún ti bodè, ara mi kì í balẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀.